Ta Ló Ti Fẹ̀yìn Tì Nínú Ilé Wa?

Ilé Èjìdé,
Bẹ́yẹrúnka,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Misbaudeen, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé ooru Kàdúná kò fojú yín rí nǹkan jù? Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A gba ààwẹ̀ já láyọ̀, ẹran tí o fi ránṣẹ́ fún ìtúnu dé ọwọ́ wa, ó sì dé ọ̀fun wa.

Má jẹ́ kí ìwúwo àpòòwé yìí dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló sọ ọ́ di ńlá, nítorí gàgàrà ni mo ń kọ lẹ́tà kí n lè rí i, ìlà mẹ́sàn-án péré ló sì ń gba ojú ìwé kan. Fóònù ì bá yá jù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í jìnnà síbi tí fóònù bá wà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ sì ń tì mí lójú láti sọ létí rẹ̀. Inú oòrùn ìyálẹ̀ta ni mo jókòó sí báyìí, ó ti lọ sí Ọjà'ba lọ ra ata.

Kí n tó ròyìn ohunkóhun, mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́. Ní Iléyá èṣí, nígbà tí o ní kí n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí n sinmi, mo jágbe mọ́ ọ níwájú àwọn ọmọ rẹ. Mo bi ọ́ bóyá o ti sanwó fún ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè mi. Mo ní kí o lọ bi Alhaji Ayọ̀délé léèrè, oníṣòwò Gbági tó ń ra fìlà wa, bóyá ọwọ́ mi ti rọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé láti bí ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ mi ti tún dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri bí ìwé ẹ̀rí. O kàn wolẹ̀. Ìwọ lo hùwà àgbà lọ́jọ́ náà.

Ìròyìn tí mo ní rèé. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ọmọbìnrin kan wọ agbo ilé wa, Ifábùkọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àdúgbò Oníyanrìn ni, láti ilé àwọn oníṣègùn. Ó ń kàwé láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Kì í ṣe ti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó oṣù yín o, ti àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí irú wa máa ń dáwọ́ dúró, ohun tó ń mú wa dáwọ́ dúró, àti ẹni tó ń gbọ́ bùkátà wa lẹ́yìn náà, kí àwọn tó ń ṣètò ìlú lè mọ irú ètò tó bá wa mu.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dùn rárá. Àwa márùn-ún ni a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ń rán fìlà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó ṣí ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó sì kọjú sí Sàlámì, alága ẹgbẹ́ wa. Ó ní, “Ẹ̀yin Bàbá, ọdún mélòó lẹ fẹ́ pé kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀?” Sàlámì ju fìlà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Háà! Ta ló rán ẹ sí mi? Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀!” Àwa yòókù ṣe àmín kíkankíkan. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àìsàn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí kì í bá ṣe àìsàn, ikú ni. Kí a bi ènìyàn léèrè ọjọ́ tí yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ń bi í ní iye yáàdì aṣọ funfun tó máa gbà. Nígbà tó kàn mí, èmi náà ní ó di ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bi wá léèrè lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó sì kọ àdúà márùn-ún sínú ìwé lọ.

Ẹlòmíràn ì bá gbé àdúà wa yẹn lọ sílé, kó kọ ọ́ pé àwọn ará Bẹ́yẹrúnka kì í fẹ̀yìn tì, kó sì gboyè lé e lórí. Ifábùkọ́lá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ó sì tún kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ìbéèrè mi ni ò dáa. Mo ti yọ ọ́ kúrò.” Misbaudeen, mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ kí alákọ̀wé sọ pé ìbéèrè òun ni kò dára. Àwọn tí mo mọ̀, ìdáhùn wa ni kì í dára lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà.

Ó ní òun ò ní í bi wá ní ọjọ́ iwájú mọ́, òun kàn fẹ́ máa jókòó tì wá, kí òun máa kọ ohun tí ọwọ́ oníkálùkù ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ló sì ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ló fi bá wa jókòó. Kò pẹ́ dé rí. Ohun tí a bá jẹ ló ń jẹ. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, Sàlámì tó jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń nu àga sílẹ̀ dè é. Nígbà tí ara wa balẹ̀, ó bi wá nípa Bàbá Zakariyya, ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá jókòó nínú wa. Ta ló ń ra oògùn rẹ̀? Ta ló ń wẹ̀ fún un? Nígbà tí a dáhùn tán, ẹnu ya àwa gan-an. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ tí a máa ń kà lórí ìka pé àwọn ni ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n ń kí i lórí fóònù ni. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú ló gbé e rù fún ọdún mẹ́fà. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rò ó rí.

Ó wá bi mí ní iṣẹ́ tí ìyá rẹ ń ṣe. Mo ní kò níṣẹ́ kan pàtó, ó kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú agbo ilé wa: ọkùnrin ló ń rán fìlà, obìnrin ló ń fọ̀ ọ́, tó ń rì í sínú sítáàṣì, tó sì ń dé e mọ́ orí igbá kó lè dúró. Bí fìlà bá ti wọnú sítáàṣì, ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí àwọn bàbá wa ní òógùn ọwọ́ wa máa ń pa á láwọ̀ dà. Látọwọ́ ìyá rẹ ni fìlà ti ń bọ́ sínú ọ̀rá, látinú ọ̀rá ló sì ń gba Gbági lọ. Ifábùkọ́lá kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, kò jiyàn. Ó kàn tọrọ àyè pé òun fẹ́ jókòó ti àwọn ìyá náà fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ní kó máa lọ, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa rí kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. A ti kírun Alásárì tán, ọmọ náà sì bi mí pé báwo ni a ṣe ń dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi. Mo ní ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ni, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn tẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí aṣọ, kò sí ẹni méjì tí tiwọn bára mu. Mo ní bí ojú ò bá ríran mọ́, ìka ń ríran. Níbi tí mo ti ń ṣe fáàrí fún ọmọ ọlọ́mọ, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ogójì ọdún: mo nawọ́ sínú ọ̀rá Gbági tí ìyá rẹ kó fìlà mi sí, mo mú fìlà kan jáde, mo ní kí ó dijú, èmi náà dijú. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, o mọ̀, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mi sì máa ń dà sí òsì. Misbaudeen, ti fìlà yẹn dà sí ọ̀tún. Mo rò pé mo mú un lódì ni. Mo yí i, mo tún tọ́ ọ wò. Mo mú òmíràn, ọ̀tún. Mo mú ẹ̀kẹta. Mọ́kànlá ló wà nínú ọ̀rá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo tọ́ gbogbo wọn wò, n kò rí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi nínú ìkankan.

Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Ifábùkọ́lá ń wò. Mo ní, “Ṣé o mọ̀ nípa èyí?” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ohun tí Ìyá bá sọ fún mi, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ohun tí ẹ̀yin náà sọ fún mi, mi ò sọ ọ́ fún Ìyá.” Inú bí mi gidigidi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó má wá mọ́. Kí ọmọ wá jókòó nínú ilé mi, kó mọ ohun tí èmi baálé kò mọ̀, kó sì pa á mọ́ fún mi! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé ẹni tó lè pa àṣírí ìyá rẹ mọ́ fún mi, á pa tèmi náà mọ́ fún Sàlámì. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn sọ òótọ́ fún. Mo bá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: pé láti ọdún mẹ́ta ni òwú ti di èéfín lójú mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá kírun Àsùbáà tán, mo máa ń jókòó ti àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, mo padà sílé kíá. Ìyá rẹ jókòó sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, ó dé awò kan tí mi ò rí lójú rẹ̀ rí, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń kiri ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Fìlà tí mo rán lọ́jọ́ tó ṣáájú wà lórí itan rẹ̀. Bíléèdì ló fi ń tú ohun tí mo rán, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ó bá sì ti tú u tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un rán. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé mi ò rí abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ kó tó gbójú sókè. Kò ta gìrì. Ó ní, “Ẹ jókòó, Bàbá Misba. Ẹ ti rí i náà nìyẹn.”

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá fìlà méjìlá padà láti Gbági nítorí pé ọnà rẹ̀ wọ́, tí òun gbà á lẹ́nu ọ̀nà tí òun kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi jókòó síwájú mi, ṣé òun fọ́jú ni? Mo wá ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó bọ́ awò náà, ó ní, “Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, kí lẹ ó máa jí sí?” Mo jókòó tì í lórí ẹní, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi bàbá rẹ.

Ìyìn tí Alhaji Ayọ̀délé ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí, tí mo fi na ìwọ náà bí ọrẹ́ ní Iléyá, ti ìyá rẹ ni látòkèdélẹ̀. Mo mú fìlà tó dáa jù tí mo rán nígbà tí ojú mi ṣì le, mo fi wé tirẹ̀. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, ọmọ mi, kì í ṣe pé mo ń pọ́n ọn. Ó ń jí ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú gbogbo iṣẹ́ ilé, á tún wá po sítáàṣì, á tún dáná, èmi á sì jáde lọ sọ́dẹ̀dẹ̀ lọ bá wọn ṣe àmín pé kí Ọlọ́run má gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Mo yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ó ti yi bí awọ bàtà. Mo fẹ́ ìyá rẹ ní ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ifábùkọ́lá pe gbogbo wa, ọkùnrin àtobìnrin, jọ sí kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí Mápó, pé òun fẹ́ jẹ́ kí a gbọ́ àbọ̀ ìwádìí òun kí òun tó gbé e lọ fún àwọn ọ̀gá òun àti àwọn ìjọba. Ó ní ó tọ́ kí ẹni tó lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní nínú ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí òun wọ̀, ilé mọ́kàndínlógún ló jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n sì ní kò níṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì. Ó ní, “Tí ìjọba bá gbé ètò ìrànwọ́ àgbà dé, tó jẹ́ pé olórí ilé nìkan ni wọ́n bi léèrè, ètò yẹn á fo ẹni tó rẹ̀ jù dá.” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, “Orúkọ mi ni Àkíbù Èjìdé. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ̀yìn tì, oṣù kejì ni mo tó gbọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo wá nawọ́ sí ìyá rẹ, mo ní ẹ wo ẹni tó rán fìlà tí ẹ ń yìn mí lé lórí. Ó fi ìborùn bojú. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin kan ti dìde ní ìlà kẹta, òun náà nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ifábùkọ́lá dúró síwájú, omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ohun gbogbo kò tíì tò o. Sàlámì ṣì ń kùn pé obìnrin tí kò kọ́ṣẹ́, tí wọn ò fún ní òmìnira iṣẹ́, kò lè wọ ẹgbẹ́. Mo ní bí ogójì ọdún kò bá tó fi kọ́ṣẹ́, kí ó sọ iye tó tó. Alhaji Ayọ̀délé ní tòun, ó ní ọwọ́ tó ń rán an ni òun ń bá ṣòwò, ọwọ́ yẹn kò sì kú. Èmi ni mo ń po sítáàṣì báyìí, tí mo sì ń dé fìlà mọ́ igbá. Mo da omi gbígbóná sára lẹ́ẹ̀mejì, fìlà mẹ́ta ló sì gan lọ́wọ́ mi bí pákó. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Oní-sítáàṣì. Ọwọ́ mi kò sì ba fìlà kankan láwọ̀ jẹ́, irọ́ ni àwọn bàbá wa pa.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Ifábùkọ́lá ní ètò ìfẹ̀yìntì kan wà tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sí, bó ti wù kó kéré mọ. Ìwọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bá mi wádìí rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kí o sì wo ibi tó dára. Orúkọ ìyá rẹ, Qúdrát Èjìdé, ni kí o kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ mi. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè iṣẹ́, má kọ ìyàwó ilé. Kọ ọ́ pé aránfìlà ni. Ní ti ojú mi, dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè ran ti ọ̀tún lọ́wọ́, a ó sọ ìyẹn tí o bá wá sílé.

Àná ni mo tó ní ìgboyà láti ṣe ohun tí ó ti yẹ kí n ṣe. Mo bá ìyá rẹ níbi tó ti ń rán fìlà, mo sì bi í ní ìbéèrè tí Ifábùkọ́lá bi wá tí Sàlámì fi ju fìlà sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá Misba, ìgbà wo lo fẹ́ sinmi?” Mo rò pé á gbàdúà lé mi lórí bí àwa ṣe ṣe. Kò gbàdúà. Ó gbé fìlà náà sílẹ̀. Ó wá ní, “Bàbá Misba, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń bi obìnrin.”

Àkànní, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ fún wa. Iṣẹ́ rẹ kò ní í bọ́, àìsàn kò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ. Aya rẹ á bá ọ kalẹ́, ìwọ náà á sì mọ̀ ọ́n kí o tó dàgbà tó mi. Àwọn ọmọ á yàn, wọ́n á yanjú. A ó máa rí ara wa nínú ayọ̀, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó jágbe mọ́ ọ nígbà tí o ò jẹ̀bi,
Àkíbù Èjìdé.

Àfikún: Ìyá rẹ ti ti ọjà dé, ó sì bá mi nídìí ìwé yìí. Ó ní kí n kà á fún òun, mo sì kà á. Ó ní apá kan kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun kò fi ìborùn bojú. Ó wá ní kí n kọ ìdáhùn òun sí ìbéèrè àná kún un fún ọ: ó ní kí òun kọ́kọ́ máa sinmi ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ná, kí òun fi tọ́ ọ wò, kí òun mọ bó ṣe ń rí.